Báwo ni a ṣe lè ran àwọn ọmọ lọ́wọ́ kí wọ́n máa fetí sí orin dáadáa, kí wọ́n sì lè sọ èrò wọn nípa rẹ̀?

Olùkọ́ Kíláàsì Kẹta

Ẹ kú déédéé àsìkò yìí, ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi. Àwọn ọmọ ọdún mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án ni mo ń kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ìbàdàn, a sì ní àkókò díẹ̀ lọ́sẹ̀ fún orin àti àṣà. Orin kíkọ kò nira fún wọn rárá. Bí mo bá lé orin, wọ́n á gbè é, ijó á sì bẹ̀rẹ̀. Ibi tí iṣẹ́ ti ń le ni ìgbà tí mo bá ní kí wọ́n jókòó, kí wọ́n gbọ́ orin kan, kí wọ́n sì sọ ohun tí wọ́n rò nípa rẹ̀. Gbogbo wọn á dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà pé, "Ó dùn!" Bí mo bá wá béèrè ohun tí ó mú un dùn, kíláàsì á dákẹ́ rọ́rọ́, tàbí kí ẹni àkọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ kan, kí gbogbo àwọn yòókù sì tún ọ̀rọ̀ náà sọ gẹ́gẹ́ bí ó ti sọ ọ́. Mo fẹ́ kí ọmọ kọ̀ọ̀kan fi etí ara rẹ̀ gbọ́ orin, kí ó sì lè fi ẹnu ara rẹ̀ ròyìn ohun tí ó gbọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe irú iṣẹ́ yìí rí, nílé tàbí ní ilé ẹ̀kọ́, ọ̀nà wo ni ẹ gbà? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ ọ́ ní kíkún, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà jẹ mí lógún púpọ̀.

Ìyá Ìbejì

Ẹ kú iṣẹ́ o, Olùkọ́. Lójú tèmi, ìbéèrè tí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ ni ó ń dí wọn lẹ́nu. Bí àgbàlagbà bá bi ọmọdé pé ṣé orin yìí dùn, ọmọ náà ti mọ ìdáhùn tí àgbà ń retí, yóò sì fún un ní ìdáhùn náà kí ó lè tètè lọ ṣeré. Ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ àwọn ọmọ mi ni pé, "Kí ni ẹ gbọ́?" Ìbéèrè yìí kò ní ìdáhùn kan ṣoṣo, kò sì sí ẹni tí yóò gba òdo nínú rẹ̀. Ọ̀kan lè sọ pé òun gbọ́ agogo. Èkejì lè sọ pé obìnrin ni ó ń lé orin, àti pé àwọn ọkùnrin ni ó ń gbè é, tàbí pé orin náà ń yára sí i bí ó ti ń lọ sópin. Ìgbà tí a bá ti kó gbogbo ohun tí a gbọ́ jọ ni mo tó máa ń béèrè èyí tí ó wù wọ́n àti èyí tí kò wù wọ́n. Nígbà yẹn, ọ̀rọ̀ ti wà lẹ́nu wọn, wọn kò ní í máa wá a káàkiri mọ́.

Ohun kejì ni pé kí ohun tí wọn yóò gbọ́ kúrú. Ọmọ ọdún mẹ́jọ kò lè fọkàn bá orin jùjú tàbí fújì tí ó gùn dé òpin. Ẹ mú ìṣẹ́jú kan tàbí méjì nínú rẹ̀, níbi tí nǹkan kan ti yí padà, bóyá níbi tí olórin ti dákẹ́ tí ìlù sì gba iwájú, kí ẹ jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì. Ní ìgbà àkọ́kọ́, ẹ má ṣe rán wọn níṣẹ́ kankan. Ní ìgbà kejì, ẹ pín iṣẹ́: kí àwọn kan máa ṣọ́ ìlù, kí àwọn kan máa ṣọ́ gìtá, kí àwọn tí ó kù sì máa ṣọ́ ohùn àwọn elégbè. Ọmọ tí a bá fi ṣọ́ nǹkan kì í fẹ́ kí nǹkan náà kọjá lójú òun.

Ọmọ Àyàn

Ọ̀rọ̀ Ìyá Ìbejì wọ̀ mí lọ́kàn. Ní agbo ilé àwọn onílù, etí ọmọ ni a kọ́kọ́ ń kọ́ kí a tó kọ́ ọwọ́ rẹ̀. Bí àwọn àgbà bá ń lù, ọmọdé á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, á máa gbọ́, títí tí etí rẹ̀ yóò fi lè ya ìlù kan kúrò lára èkejì. Olùkọ́ lè ṣe irú rẹ̀ ní kíláàsì. Ẹ wo ọ̀wọ́ ìlù dùndún. Ìyáàlù ni ó ń sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ń lọ sókè, ó ń wá sílẹ̀. Kẹríkẹrì ń dún nísàlẹ̀. Gúdúgúdú, tí a gbé kọ́ ọrùn tí a sì ń fi awọ tẹ́ẹ́rẹ́ méjì lù, kì í yí ohùn padà. Ó ń lọ ní tirẹ̀ láìdúró, òun sì ni àwọn yòókù ń gbára lé. Ẹ ní kí ọmọ wá gúdúgúdú nìkan láàárín gbogbo ìró yẹn, kí ó sì máa fi ìka ta á lórí tábìlì. Bí ó bá rí i mú, ó ti fetí sílẹ̀ nìyẹn, kò sì sí ìdí láti tún dán an wò lọ́nà mìíràn.

Ohun tí mo fẹ́ tẹnu mọ́ jù ni pé kí a má ṣe bẹ̀rù bí àwọn ọmọ bá gbọ́ ohun tí ó yàtọ̀ síra. Ìlù wa fúnra rẹ̀ fi àyè náà sílẹ̀. Ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ inú ọ̀rọ̀ ni ìyáàlù ń gbé jáde, kì í gbé kọ́ńsónáǹtì àti fáwẹ̀lì jáde. Nítorí náà, gbólóhùn méjì tí ohùn wọn bá ara mu yóò dún bákan náà lórí awọ. Àwọn tí ó dàgbà nígbà tí rédíò jẹ́ ọ̀gá nínú ilé yóò rántí ìlù tí ilé iṣẹ́ rédíò ìjọba àpapọ̀ fi ń ṣí ètò. Gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì tí ó dárúkọ ilé iṣẹ́ náà ni a ní kí ìlù náà máa sọ, ṣùgbọ́n ohun tí àwọn ará Ìbàdàn gbọ́ ni pé, "B'Ólúbàdàn bá kú, ta ni yóò joyè?" Kò sí ẹni tí ó lè ní irọ́ ni wọ́n pa, nítorí pé ohùn rẹ̀ bá a mu.

Mo máa ń lu ìlù díẹ̀ fún àwọn ọmọ, kí n sì ní kí olúkúlùkù sọ gbólóhùn tí ó gbọ́. Lẹ́yìn náà ni a ó wá dán gbólóhùn kọ̀ọ̀kan wò: a ó sọ ọ́ lẹ́nu, a ó lù ú, a ó sì gbọ́ bóyá ibi tí ó ti lọ sókè lẹ́nu náà ni ó ti lọ sókè lórí awọ. Gbólóhùn mẹ́ta lè yege, kí ẹ̀kẹrin má yege. Níbẹ̀ ni ọmọ ti ń kọ́ pé èrò òun lè yàtọ̀ sí ti ẹlòmíràn kí méjèèjì sì tọ̀nà, ṣùgbọ́n pé kì í ṣe gbogbo èrò ni ó bá ohun tí a gbọ́ mu. Èyí ni mo kà sí pàtàkì jù nínú gbogbo iṣẹ́ yìí: kí ọmọ sọ tirẹ̀, kí ó sì lè tọ́ka sí ibi tí ó ti gbọ́ ọ.

Bàbá Àgbà Ọ̀ṣogbo

Mo kí gbogbo yín o. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí ó ń kọ mí lóminú. Bí a bá ní kí ọmọ ọdún mẹ́jọ máa sọ pé orin àgbà kan kò dára, ṣé kì í ṣe àrífín ni a ń kọ́ ọ? Oríkì àti orin ìbílẹ̀ kì í ṣe ohun tí a ń gbé síwájú ọmọdé pé kí ó wá dá a lẹ́jọ́. Kí ó kọ́kọ́ kọ́ ọ, kí ó mọ̀ ọ́n. Bí ó bá dàgbà tán, kí ó wá sọ tẹnu rẹ̀.

Olùdarí Ẹgbẹ́ Akọrin

Ọ̀rọ̀ yín yé mi, Bàbá, mo sì gbà pé àríwísí lásán kò yẹ ọmọdé. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó sọ pé, "Orin yìí kò wù mí nítorí pé fèrè bo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ mọ́lẹ̀," kò fi àgbà kankan wọ́lẹ̀. Ohun tí etí rẹ̀ gbọ́ ni ó ròyìn. Ààlà tí mo fi síbẹ̀ ni pé kí ọmọ sọ̀rọ̀ nípa orin, kí ó má ṣe sọ̀rọ̀ nípa olórin. Bí ó bá sọ pé olórin náà kò mọ orin kọ, mo máa ń bi í pé ibo nínú orin náà ni ó ti gbọ́ bẹ́ẹ̀, kí ó lè padà sínú orin. Ẹ rántí pẹ̀lú, Bàbá, pé nídìí àló àpagbè, àwọn àgbà kò ní kí ọmọdé panu mọ́. Apàló á lé, àwọn ọmọ á gbè; bí wọn kò bá sì fi tọkàntọkàn gbè é, apàló mọ̀ pé àló òun kò tíì wọ̀ wọ́n lára.

Nínú ẹgbẹ́ akọrin àwọn ọmọdé tí mo ń darí ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo rí i pé etí wọn mú gan-an. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn orin ìsìn tí a jogún lọ́wọ́ àwọn míṣọ́nnárì jẹ́ ọ̀rọ̀ Yorùbá tí a gbé sórí ohùn orin Gẹ̀ẹ́sì. Níbi tí ọ̀rọ̀ ti fẹ́ wá sílẹ̀, ohùn orin á gbé e lọ sókè, ọ̀rọ̀ náà á sì di nǹkan mìíràn lẹ́nu akọrin. Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn àgbà akọrin wa ti rí àléébù yìí. Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti, tí ó gba orin ìsìn Yorùbá sínú àwo ní London ní ọdún 1922, wà lára àwọn tí ó fi ohùn ilẹ̀ wa kọ orin ìsìn, T. K. E. Phillips, tí ó ń tẹ dùùrù ní Kàtídírà Krístì ní Èkó, sì kọ ìwé kan nípa orin Yorùbá, èyí tí ó jáde ní 1953.

Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé kí n kọ orin kan ní ọ̀nà méjì fún àwọn ọmọ, èyí tí ohùn rẹ̀ ta ko ọ̀rọ̀ àti èyí tí ohùn rẹ̀ bá ọ̀rọ̀ lọ, láìsọ ìyàtọ̀ wọn, kí n sì béèrè èyí tí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ tètè yé wọn. Kò pọn dandan kí ẹnikẹ́ni kọ́ wọn ní òfin kan kí wọ́n tó dáhùn. Síbẹ̀, àwọn kan máa ń sọ pé èyí tí ohùn rẹ̀ ta ko ọ̀rọ̀ ni ó wù wọ́n jù, nítorí pé òun ni wọ́n gbọ́ lẹ́nu ìyá wọn àgbà. Èmi kì í bá wọn jiyàn. Ìdí ni ìyẹn náà, wọ́n sì ti sọ ọ́.

Bàbá Àgbà Ọ̀ṣogbo

Bí ó bá jẹ́ pé orin ni wọn yóò máa sọ̀rọ̀ lé lórí, tí kì í ṣe ẹni tí ó kọ ọ́, ọkàn mi lè gbà á. Ẹ rí i dájú pé ẹ kọ́ wọn ní bí a ti ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ níwájú àgbà. Kí ọmọ sọ pé, "Ẹ jọ̀wọ́, létí tèmi," kí ó tó máa bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ.

Ìyá Ọmọ Lókè Òkun

Manchester ni àwa ń gbé, àwọn ọmọ mi kò sì gbọ́ Yorùbá dénú. Ọ̀pọ̀ òbí níhìn-ín máa ń túmọ̀ orin fún ọmọ kí ọmọ tó gbọ́ ọ. Èmi máa ń jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ gbọ́ ọ láìmọ ìtumọ̀, kí wọ́n sọ bóyá ẹni tí ó ń kọrin ń bẹ̀bẹ̀ ni, tàbí ó ń bínú, tàbí ó ń ki ènìyàn, tàbí ó ń sọ ìtàn, kí wọ́n sì sọ ohun tí wọ́n gbọ́ tí ó mú kí wọ́n rò bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo tó ń túmọ̀ rẹ̀. Orin Ebenezer Obey ti ọdún 1973, èyí tí ó sọ ìtàn bàbá kan, ọmọ rẹ̀ àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ wọn, dára púpọ̀ fún iṣẹ́ yìí, nítorí pé ìtàn náà dá lórí bí kò ṣe sí ohun tí ènìyàn lè ṣe tí yóò tẹ́ gbogbo ayé lọ́rùn. Bí ìtàn bá ti yé wọn, àríyànjiyàn á bẹ̀rẹ̀ lórí ẹni tí ó yẹ kí ó gun ẹran náà. Ìkìlọ̀ kan ni mo ní: ìtàn lè mú kí wọ́n gbàgbé orin. Ẹ dá wọn padà sínú orin náà. Níbo ni àwọn elégbè ti wọlé? Kí ni gìtá ń ṣe nígbà tí olórin ń sọ ìtàn?

Ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ níhìn-ín, wọ́n sábà máa ń lo orin tí Sergei Prokofiev, ará Rọ́ṣíà, kọ fún àwọn ọmọdé ní 1936, nínú èyí tí ènìyàn àti ẹranko kọ̀ọ̀kan ti ní ohun èlò tirẹ̀. Lára àwọn ohun èlò tí a ń fi ẹnu fọn, flute ni ẹyẹ, clarinet ni ológbò, bassoon tí ohùn rẹ̀ wúwo ni bàbá àgbà, horn mẹ́ta sì ni ìkookò. Iṣẹ́ ńlá ni. Ṣùgbọ́n asọ̀tàn inú rẹ̀ máa ń sọ ẹni tí ohun èlò kọ̀ọ̀kan dúró fún, nítorí náà ọmọ kò ní ohun púpọ̀ láti rò fúnra rẹ̀. Nílé, mo máa ń jẹ́ kí wọ́n gbọ́ àwọn horn náà nìkan, kí n sì béèrè irú ẹranko tí ó lè ní irú ohùn bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ní erin ni; àbúrò ní ìjàpá tí ẹrù wọ̀ lọ́rùn ni. Àwọn méjèèjì ni ó ní ìdí, wọ́n sì ṣàlàyé rẹ̀ fún mi dáadáa.

Olùkọ́ Kíláàsì Kẹta

Ẹ ṣeun gidigidi, gbogbo yín. Mo ti mú "létí tèmi" lọ́wọ́ Bàbá. Òun ni ọmọ kọ̀ọ̀kan yóò fi máa bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ní kíláàsì wa. Ohun méjì ni ó ṣì ń dà mí láàmú. Àkọ́kọ́ ni àwọn ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀ rárá, tí ó jẹ́ pé orí ni wọ́n máa ń tẹ̀ ba. Èkejì ni àwọn orin ìgbàlódé tí wọ́n ń gbọ́ nínú ọkọ̀ akérò àti lórí fóònù, tí ọ̀rọ̀ inú àwọn mìíràn kò yẹ létí ọmọdé. Àwọn orin wọ̀nyí ni wọ́n mọ̀ jù, àwọn náà ni wọ́n sì fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí jù. Ẹ jẹ́ kí n fi kún un pé ọmọ 45 ni ó wà ní kíláàsì mi, fóònù mi nìkan sì ni a ní láti fi gbọ́ orin.

Olùkọ́ Àgbà

Mo ti fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀ kò tíì kúrò lọ́kàn mi, nítorí pé ọ̀pọ̀ ìgbà ni irú ọmọ bẹ́ẹ̀ máa ń gbọ́ ju àwọn tí ó ń nawọ́ sókè lọ. Ẹ fún gbogbo wọn ní ìwé pélébé, kí wọ́n fa ìlà bí orin ti ń lọ: kí ìlà gòkè bí ohùn bá gòkè, kí ó wálẹ̀ bí ohùn bá wálẹ̀, kí ó já níbi tí orin ti dákẹ́. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ kí gbogbo wọn tó fà á tán. Èyí ni yóò dáwọ́ àtúnsọ tí ẹ ń ráhùn lé lórí dúró, nítorí pé èrò olúkúlùkù ti wà lórí ìwé kí ó tó gbọ́ ti ẹlòmíràn. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n sọ̀rọ̀ ní méjìméjì, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan sì dìde sọ ohun tí ẹnìkejì rẹ̀ gbọ́. Ọmọ tí ojú ń tì láti sọ tirẹ̀ lè ròyìn ti ọ̀rẹ́ rẹ̀. Kí ó tó lè ròyìn rẹ̀, ó di dandan kí ó fetí sí ọ̀rẹ́ náà.

Ní ti fóònù kan fún ọmọ 45, àwọn tí ó wà lẹ́yìn kò ní í gbọ́ ju ariwo lọ. Bí ẹ kò bá rí sípíkà yá, ẹ lo ẹnu àwọn ọmọ fúnra wọn. Kí ọmọ kan bọ́ sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, kí ó kọ orin tí gbogbo wọn mọ̀ bí ẹni tí inú rẹ̀ ń dùn, kí ó tún un kọ bí ẹni tí ó ń sọkún. Kí àwọn tí ó wà nínú kíláàsì sọ ohun tí ó yí padà: ṣé ohùn ni ó rọlẹ̀, ṣé orin ni ó falẹ̀, ṣé ó ń fa ìparí ọ̀rọ̀ gùn ni? Kò sí iná mànàmáná tí èyí ń fẹ́.

Ẹ kíyè sí ojú ara yín pẹ̀lú. Bí ẹ bá ti ń mi orí sí orin, àwọn ọmọ ti mọ̀ pé ó wù yín, wọn kò sì ní í sọ ohun tí ó yàtọ̀. Bí ẹ bá béèrè ọ̀rọ̀, ẹ ní sùúrù kí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ náà pẹ́ díẹ̀. Ẹ má ṣe sáré dáhùn fún wọn.

Nọ́ọ̀sì Alámòójútó Etí

Ọ̀rọ̀ díẹ̀ ni tèmi. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ìró tí ọmọdé ń gbọ́ láti inú ẹ̀rọ má ṣe ju decibel (òṣùwọ̀n bí ìró ti ròkè tó) 75 lọ fún wákàtí 40 lọ́sẹ̀; ti àgbàlagbà jẹ́ 80. Níwọ̀n bí kò ti sí òṣùwọ̀n lọ́wọ́ òbí, ẹ má ṣe jẹ́ kí ohùn fóònù kọjá nǹkan bí ìdajì, ẹ sì jẹ́ kí íápíìsì máa kúrò létí lóòrèkóòrè. Bí ọmọ kò bá gbọ́ ohun tí ẹ sọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nígbà tí íápíìsì wà létí rẹ̀, ohùn náà ti ròkè jù. Ọmọ tí ó sì máa ń yí ohùn tẹlifíṣọ̀n sókè ṣáá, tàbí tí kì í dáhùn bí a bá pè é láti ẹ̀yìn, ẹ mú un lọ fún àyẹ̀wò etí kí ẹ tó ní kì í fetí sílẹ̀.

Ìyá Ìbejì

Ní ti orin ìgbàlódé, Olùkọ́, mo máa ń ya ohun méjì sọ́tọ̀. Òfin ilé jẹ́ òfin ilé: orin tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò bójú mu, a kì í fi sí i nílé wa, mo sì máa ń sọ ìdí rẹ̀ láìpariwo. Ṣùgbọ́n n kì í sọ fún ọmọ pé orin náà kò dùn, nítorí pé ó ti gbọ́ ọ, ara rẹ̀ sì ti jó sí i. Bí mo bá pè é ní ohun tí kò dùn, kò ní í gbà mí gbọ́ lórí èyí tí mo sọ nípa ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Mo máa ń bi í ohun tí ó fà á lára nínú rẹ̀. Ìlù ni wọ́n sábà máa ń dárúkọ. Nígbà náà ni a ó jọ wá orin mìíràn tí ìlù rẹ̀ jọ ọ́, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì mọ́. Ní kíláàsì, ẹ lè jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀ irú orin bẹ́ẹ̀ nìkan, kí ẹ sì pa á kí ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀.

Olùdarí Ẹgbẹ́ Akọrin

Ẹ tún lè lo orin tí kò ní ọ̀rọ̀ rárá. Fela Sowande, tí a bí ní 1905, kọ African Suite ní 1944 fún àwọn ohun èlò olókùn. Apá márùn-ún ni ó ní, ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ orin tí a fi ń rẹ ọmọ sùn. Ohun èlò ilẹ̀ òkèèrè ni, ṣùgbọ́n orin ilẹ̀ wa wà nínú rẹ̀, àwọn ọmọ sì máa ń fura sí i.

Olùkọ́ Kíláàsì Kẹta

Ẹ ṣé é o. Òun ni n ó fi bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ tí ó ń bọ̀, lẹ́yìn tí mo bá ti yá sípíkà. Ṣé kí n sọ fún wọn pé orin ìrẹmọ ni kí wọ́n tó gbọ́ ọ?

Olùdarí Ẹgbẹ́ Akọrin

Ẹ má ṣe sọ ọ́. Ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn pé ìgbà wo ní ọjọ́ ni wọ́n rò pé ènìyàn lè kọ irú orin bẹ́ẹ̀, àti fún ta ni. Bí ẹnì kan bá ní òru ni, ẹ bi í ohun tí ó gbọ́ tí ó fi mọ̀. Bí ẹlòmíràn bá ní ibi ìsìnkú ni, ẹ bi òun náà. Ẹ kọ ohun tí wọ́n bá sọ sójú pátákó, kí ẹ jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ẹni tí ó bá fẹ́ yí èrò padà yí i padà. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ tó dárúkọ orin náà fún wọn.